Ọdún Mọ́kànlá Tí Mo Fi Kọ́ Àwọn Ọlọ́dẹ Inú Géèmù Ní Ìfura

Nọ́ńbà kan ni mo yí padà tí mi ò kọ sínú ìwé. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, torí bí mo bá kọ́kọ́ dárúkọ ọ̀gá mi, tàbí ẹ̀rọ tí a gbẹ́kẹ̀ lé, tàbí bàbá àgbà tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, ẹ lè máa rò pé ẹlòmíràn ló jẹ̀bi. Èmi ni. Mo yí mẹ́ta sí mẹ́sàn-án, mo pa ìwé dé, mo sáré lọ kírun Jímọ̀. Nígbà tí ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe padà wá dúró níwájú mi, mi ò dá a mọ̀. Mo na ìka sí àgbàlagbà pé olè ni.

Mi ò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlógójì. Mo mọ̀ pé ó lè pa yín lẹ́rìn-ín pé irú mi jókòó, ó ń ròyìn iṣẹ́ ayé rẹ̀ bí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà, mo ti fi í sílẹ̀, mi ò sì ní padà sí i. Àwọn ọ̀dọ́ ní Ẹ̀pẹ́ níbí máa ń wá bá mi létí ọ̀sà níbi tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti ń tún àwọ̀n ṣe. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ máa ṣe géèmù, ṣé owó wà níbẹ̀? Mo máa ń sọ fún wọn pé owó ibẹ̀ tó jẹun, ó sì tó san ilé. Ohun tó yẹ kí wọ́n bi mí gan-an, wọn kì í bi mí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà kó yé yín. Géèmù kan wà tí kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù, tí kì í ṣe ti ìbọn. Yíyọ́ ni. Wọ́n á rán ọ níṣẹ́ kan, tí àwa ń pè ní míṣọ̀n: wọ inú ọgbà báyìí, mú nǹkan báyìí jáde, má jẹ́ kí àwọn ọlọ́dẹ rí ọ. Ẹnì kan lè dá a gbá. Ẹni méjì náà lè jọ gbá a, kí ọ̀kan máa ṣọ́ ọ̀nà fún èkejì. Iṣẹ́ tèmi ni kí n wọ̀n ọ́n kó ṣe déédé fún tọ̀tún tòsì. Báwo ni ojú ọlọ́dẹ ṣe ríran jìnnà tó? Báwo ni etí rẹ̀ ṣe mú tó? Ibo ni yóò rìn dé kó tó yí padà? Bó bá le jù, ẹni tó ń dá gbá a á ju páàdì tó fi ń darí géèmù sílẹ̀, kò sì ní gbé e mọ́. Bó bá rọ̀ jù, àwọn méjì á wọ inú ọgbà náà bí ẹni ń lọ ra búrẹ́dì. Gbogbo rẹ̀ nọ́ńbà ni. Ìfura tí à ń wọ̀n sínú orí ọlọ́dẹ, nọ́ńbà ni.

Ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Agric, ní Ìkòròdú, ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti jáde ìwé mẹ́wàá, ìṣirò ò jẹ́ kí n lọ síwájú, àbúrò màmá mi sì ní kí n wá máa bá òun ṣọ́ àwọn oníbàárà. Ìfura ni wọ́n gbà mí fún. Mò ń ṣọ́ ẹni tó fẹ́ gbá kọjá àkókò rẹ̀, mò ń ṣọ́ ẹni tó ń fi páàdì tó dára pamọ́ sábẹ́ àga fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ojú mi là débi pé mo lè mọ ẹni tó fẹ́ rẹ́ni jẹ láti ẹnu ọ̀nà, tàbí kí n sọ pé mo rò pé mo mọ̀ ọ́n.

Obìnrin kan wá jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan fún bíi wákàtí méjì, kò gbá nǹkan kan. Mo fura sí i. Mo rò pé agbowó orí ni. Mo lọ bá a, mo ní kí lẹ ń wá, mà? Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ ńkọ́, kí lò ń wá? Gbogbo èèyàn ń wo tẹlifíṣọ̀n, ìwọ ń wo àwọn tó ń gbá a."

Bí mo ṣe dé ọ́fíìsì obìnrin náà, Àǹtí Rónkẹ́, ní Ìgbògbò nìyẹn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe géèmù. Ọ̀gá ni gbogbo wa ń pè é. Yàrá mẹ́ta ni, lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àwọn káfíńtà ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìyẹ̀fun igi máa ń bà lórí kọ̀ǹpútà wa bí àtíkè, bí wọ́n bá sì ti tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rẹ́ pákó, a ò ní gbọ́ ara wa.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́, ẹ gbọ́. Oṣù mẹ́fà gbáko, Ọ̀gá ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ó fún mi ní ìwé àti bírò, ó ní kí n jókòó sẹ́yìn àwọn tó ń dán géèmù wò, kí n má wo ohun tí wọ́n ń gbá. Èjìká wọn ni kí n máa wò. Bí èjìká bá gòkè, kí n kọ ọ́. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, kí n kọ ọ́. Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Nígbà tó di oṣù kẹta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i. Ẹni tó ń dá gbá a, èjìká rẹ̀ á gbé sókè láti ẹnu géètì títí tí yóò fi jáde. Àwọn méjì tó jọ ń gbá a, èjìká tiwọn á máa gòkè, á máa sọ̀, torí ọ̀kan á bẹ̀rù, èkejì á fi í rẹ́rìn-ín. Mo wá mọ̀ pé ẹni méjì kì í ṣe ìlọ́po méjì ẹnì kan. Wọ́n lágbára jù ú lọ, ariwo wọn sì pọ̀ jù ú lọ. Bí wọ́n bá sì mú wọn, kálukú á ní ẹnì kejì òun ló fà á.

Òfin kejì Ọ̀gá ló le jù. Nọ́ńbà kan lójúmọ́. Bó o bá ti yí nọ́ńbà kan lónìí, o ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan òmíràn títí di ọ̀la, o sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tó wà lórí tábìlì rẹ̀: ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, ohun tó dà, àti ìdí rẹ̀. Ó ká mi mọ́ ibi tí mo ti yí méjì lọ́dún àkọ́kọ́. Kò pariwo. Ó ní kí n da iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn látòkè délẹ̀ nù, kí n tún un ṣe.

Ó ní, "Bó o bá yí méjì, tí nǹkan bà jẹ́, èwo lo máa mú? Wàá mú èyí tí ojú rẹ bá kọ́kọ́ bà lé."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tètè yé mi. Ó ti wá yé mi báyìí.

Ọdún ń gorí ọdún, irinṣẹ́ wa sì ń yí padà. Nígbà tí mo dé, páàdì tí bọ́tìnì rẹ̀ ti ya là ń lò, jẹnẹrétọ̀ kan ló sì ń fún gbogbo wa ní iná. Nígbà tó yá a ní páànù tó ń gba iná oòrùn sórí òrùlé, a ní kọ̀ǹpútà tó yára. Lẹ́yìn náà ni Túndé dé, ọ̀dọ́kùnrin tó kàwé jù mí lọ. Ó kọ ètò kan tó ń gbá géèmù fúnra rẹ̀. A sọ ọ́ ní Aláìsùn. Bí a bá ń lọ sílé, a ó fi í sílẹ̀ kó máa yọ́ wọ ọgbà, nígbà kan bí ẹnì kan, nígbà mìíràn bí ẹni méjì, ọ̀pọ̀ ìgbà. Láàárọ̀ á ti to èsì sílẹ̀ fún wa, ibi tí wọ́n ti mú un, iye àkókò tó lò. Mo fẹ́ràn Aláìsùn. Díẹ̀ díẹ̀ ni mo ṣíwọ́ wíwo èjìká. Mo kó lọ sí yàrá kejì, mò ń ka èsì.

Géèmù tó yẹ kó sọ wá di èèyàn ńlá ni ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Alágbára kan gbẹ́sẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja kan létí ọ̀sà, ó tì í mọ́ inú ọgbà rẹ̀, ọlọ́dẹ méje ló sì ń ṣọ́ ọ. Ìwọ ni ọmọ apẹja. Bó o bá dá lọ, wàá fa ẹ́ńjìnnì náà jáde pẹ̀lú ìnira. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì, ẹ ó gbé e kíákíá. Ọ̀gá ní òun ò fẹ́ ọlọ́dẹ tó ń rìn yípo bí ọwọ́ aago. Ó fẹ́ ọlọ́dẹ tiwa. Ó bá lọ wá ọlọ́dẹ gidi.

Bàbá Láísì ni orúkọ rẹ̀. Ará Agbowa ni, ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Ìgbògbò. Ẹnu géètì àwọn olówó ló ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀, kí ojú àti eékún tó ní ó tó. Ó kọ́ wa ní ohun tí a ò mọ̀. Ó ní ọlọ́dẹ kì í rìn yípo, ibi tí atẹ́gùn bá wà ló máa ń fà sí. Ó ní bí ọlọ́dẹ bá gbọ́ ìró, kì í sáré lọ, á kọ́kọ́ wú ikọ́ kí olè lè sá lọ, torí kò wù ú kó bá a jà. A rẹ́rìn-ín, a sì fi ikọ́ náà sínú géèmù.

Òun náà ló ní ká fi kíkí sí i.

Ó ní, "Ẹ wò ó, láyé ọlọ́dẹ, mọ́tò ló ń kọjá lára ẹ. Wọn kì í kí ẹ. Ẹni tó bá dúró, tó ní 'Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o', wàá yíjú sí i pátápátá. Ohun tó bá kọjá lẹ́yìn ẹ nígbà yẹn, ó ti kọjá nìyẹn."

Bí bọ́tìnì kíkí ṣe wọ inú géèmù nìyẹn. Bó o bá dúró lẹ́yìn ọgbà, níbi tí ẹnikẹ́ni lè dúró sí, tó o tẹ̀ ẹ́, ọlọ́dẹ á yíjú sí ọ, á máa dá ọ lóhùn fún sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta. Ohùn Bàbá Láísì fúnra rẹ̀ la gbà sílẹ̀ fún ìdáhùn náà: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ará ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Àwọn tó ń dá gbá a wá ṣàròyé pé kíkí náà ò wúlò fún àwọn. Bí àwọn bá kí i, kí àwọn tó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ti dákẹ́, ó ti yíjú padà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, mo ti lo nọ́ńbà mi ti ọjọ́ yẹn, ojú ọlọ́dẹ ni mo fi dín kù, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé. Mo wo aago. Mo sọ sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta di mẹ́sàn-án fún àwọn tó ń dá gbá a, mo ní n ó kọ ọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mi ò rántí pé nọ́ńbà kan náà ni àwọn méjì ń lò. Mi ò rántí pé ẹni méjì ò nílò kó sáré yípo, pé ọ̀kan lè dúró síbi kan kó máa kí wọn lọ ràì nígbà tí èkejì ń wọlé. Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, Aláìsùn ti gbá a láìmọye ìgbà, èsì ò yí padà, mo sì gbàgbé. Kò lè yí padà. Aláìsùn kì í kí ènìyàn. A ò kọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá Láísì ní òun náà fẹ́ máa gbá a. Ọ̀gá gbà fún un. Bó bá dá gbá a, ẹnu géètì ni wọ́n ti ń mú un, á sì rẹ́rìn-ín, á ní, "Wọ́n ti mú bàbá yín." Ìka rẹ̀ ò yá. Ṣùgbọ́n bó bá ti bá ẹlòmíràn gbá a, èsì tó ń wọlé sí yàrá kejì níbi tí mo wà máa ń da orí mi rú. Kò dé ìdajì àkókò tí Aláìsùn ń lò. Wọn ò mú wọn lẹ́ẹ̀kan. Mo bi Túndé, torí òun ló sábà máa ń bá a gbá a.

Túndé ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n o. Bí mo bá ti ń bá Bàbá gbá a, ẹ̀yìn àwọn ọlọ́dẹ ni mo máa ń rí. Ṣe ni ọ̀nà máa ń là."

Kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń lò, ọ̀kan ò rí ohun tí èkejì ń tẹ̀. Mo fura sí Túndé fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà mo yí ìfura náà sí Bàbá. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, mo ní ó ju èje lọ. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Agric, mo mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹnì kan sì ti jí géèmù Ọ̀gá rí kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì tán nínú rẹ̀. Mo ti ṣe ìṣirò mi, bí ìṣirò tó lé mi kúrò ní ilé ìwé.

Mo yọjú wo Bàbá lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ó yọ ìwé kékeré kan láti inú fìlà rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí itan. Ó wo ìwé, ó wo kọ̀ǹpútà, ẹnu rẹ̀ ń mì bí ẹni ń ka nǹkan. Èjìká rẹ̀ ò gòkè rárá. Mo wò ó dáadáa, torí èyí ni ohun tí wọ́n kọ́ mi. Gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù nínú ọgbà yẹn, Bàbá yìí ò bẹ̀rù. Mo ní, ẹni tó ti mọ inú ilé ni ẹ̀rù kì í bà.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni ì bá gbé mi dé ẹ̀yìn rẹ̀, kí n rí ohun tó ń tẹ̀. Mi ò gbé e. Mo yí padà, mo lọ bá Ọ̀gá. Mo ní Bàbá ti kọ ọ̀nà àwọn ọlọ́dẹ sílẹ̀, ó ń gbé e lọ sí Agric. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú.

Ọ̀gá pe Bàbá síwájú gbogbo wa. Èèyàn méje ni wá lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú obìnrin tó ń gbálẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú fìlà yín?"

Bàbá wò ó. Ó ṣí fìlà, ó mú ìwé náà jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Lẹ́tà kéwú ló fi kọ ọ́, Ọ̀gá ò lè kà á. Ó nà án sí mi, torí ó mọ̀ pé ilé kéwú ni mo ti dàgbà ní Ẹ̀pẹ́. Mo wò ó. Ìlà méje ni. Ọlọ́dẹ méje ló wà nínú géèmù. Mi ò ka ju ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lọ. Mo ní, "Àwọn ọlọ́dẹ ló kọ síbẹ̀, mà."

Ọ̀gá bi Bàbá, ṣé òótọ́ ni?

Bàbá ní, "Àwọn ni."

"Kí lẹ wá ń fi wọ́n ṣe?"

Bàbá ní, "Mo fi ń kí wọn ni."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ojú Ọ̀gá pọ́n. Ó rò pé bàbá náà ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ òun. Ó ní kó máa lọ, kò gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn yẹn mọ́, kó sì fi ìwé náà sílẹ̀. Bàbá kò ṣàlàyé. Mo ti rò ó títí pé kí ló dé tí kò ṣàlàyé. Mo rò pé ó ti ṣàlàyé. Àwa ni a ò gbọ́.

Ó dé fìlà rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó yíjú padà, kò wo Ọ̀gá, èmi ló wò. Ó ní, "Wàhábì. Sàlámù àláékúmù."

Àgbàlagbà ló kọ́kọ́ kí ọmọdé. Mo tẹ orí mọ́ ìwé tí mò ń kọ, ìwé tí kò sí nǹkan kan tí mò ń kọ síbẹ̀. Bàbá dúró. Ó pẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń retí pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún òun. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí eékún rẹ̀.

Kò ju oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn lọ tí àwọn tó fẹ́ ra géèmù náà fi wá, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. A ti gbálẹ̀, a ti nu kọ̀ǹpútà, Ọ̀gá ti bẹ àwọn káfíńtà pé kí wọ́n má rẹ́ pákó fún wákàtí kan. A gbé kọ̀ǹpútà méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ọ̀gá ń fi bọ́tìnì hàn wọ́n. Obìnrin náà na ìka sí ọ̀kan, ó bèèrè ohun tí ìyẹn ń ṣe. Ọ̀gá ní ó ń kí ènìyàn ni.

Obìnrin náà ní, "Ó dáa. Màmá mi ò ní gbà kí n dé ilé onílé kí n má kí wọn."

Ó dúró lẹ́yìn ọgbà, ó tẹ̀ ẹ́. Ọlọ́dẹ yíjú sí i, ohùn Bàbá Láísì jáde: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ará ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ó tún tẹ̀ ẹ́ kí ìyẹn tó dákẹ́. Ó dùn mọ́ ọn. Ó sún síwájú, ó kí ìkejì, ó kí ìkẹta. Bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn ló tún ń kí wọn, títí gbogbo àwọn méjèèje fi kọjú sí i lẹ́yìn ọgbà bí ìdílé tó rí àlejò. Ọkùnrin tó bá a wá rìn wọlé. Kò yọ́, ó rìn ni. Ó gbé ẹ́ńjìnnì, ó gba iwájú géètì jáde. Ó wo Ọ̀gá.

Ó ní, "Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyí?"

Inú ohùn Bàbá tó ń bèèrè ará ilé ni gbogbo wa dúró sí. Àwọn àlejò náà mu ohun mímu tí a rà fún wọn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ, a ò sì gbúròó wọn mọ́.

Ọ̀gá jókòó, ó ṣí ibi tí nọ́ńbà wà. Ó kà á jáde: "Mẹ́sàn-án." Ó ṣí ìwé ńlá, ó wá a láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ó gbójú sókè, ó bèèrè ẹni tó kọ mẹ́sàn-án. Ìgbà yẹn gan-an ni ọjọ́ Jímọ̀ yẹn padà wá sí mi lọ́kàn, gbogbo rẹ̀, títí kan aago tí mo wò. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, pé òun kọ́ lẹni tó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ fún.

Ìwé Bàbá ṣì wà nínú tábìlì. Mo mú un, mo kà á bó ṣe yẹ kí n ti kà á tẹ́lẹ̀. Orúkọ ni. Bàbá ti sọ àwọn ọlọ́dẹ inú géèmù lórúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣọ́ géètì láyé wọn. Súlè tó ń sun ẹkún ilé. Bàbá Rìsíkà, ẹ bi í nípa ẹsẹ̀ rẹ̀. Gáníyù, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Méje báyìí. Orúkọ yìí ni ẹnu rẹ̀ fi ń mì. Ó ń fi orúkọ kí wọn kó tó tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rù ò bà á torí pé kò kà wọ́n sí ọ̀tá.

Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Mo ti ń lo oògùn náà láti Agric láì jẹ́ àgbà.

Ọ̀gá lọ sí Agbowa lọ́sẹ̀ yẹn, torí Bàbá ti kó kúrò nílé ọmọ rẹ̀. Ìtìjú ò jẹ́ kó dúró ní Ìgbògbò, ọ̀rọ̀ pé wọ́n lé e fún olè ti dé etí àwọn tí wọ́n jọ ń kírun. Ọ̀gá ní kí n tẹ̀ lé òun. Mo ní ara mi ò yá. Irọ́ ni. Nígbà tó dé, ó ní òun kúnlẹ̀ fún Bàbá lójú àwọn ará ilé rẹ̀, òun sì gba mọ́sáláṣí Ìgbògbò kọjá, òun sọ fún wọn níbẹ̀ pé Bàbá ò jí nǹkan kan. Ó ní Bàbá ní kò sí wàhálà. Ohun kan ṣoṣo ni Bàbá bèèrè.

Ó ní, "Ó ní, 'Wàhábì ńkọ́? Ẹ ní ara rẹ̀ ò yá. Ṣé ó ti ń gbádùn?'"

Mo jáde síta, mo dúró láàárín ìyẹ̀fun igi àwọn káfíńtà.

Ọ̀gá ò lé mi. Ó fi mí sẹ́nu títún nọ́ńbà náà ṣe, mo sì rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni mo rí tó bá ẹnì kan àti ẹni méjì mu: kí ọlọ́dẹ dáhùn ìkíni àkọ́kọ́ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún kí i, kó bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ó ṣiṣẹ́. Èjìká àwọn tó ń gbá a gòkè bó ṣe yẹ, mo ti padà sí wíwo èjìká. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ohùn Bàbá tó ń bèèrè ará ilé, tí mò ń kọ́ ohùn náà pé kó má gba ìkíni gbọ́. Mo fara dà á fún ọdún méjì. Mo kọ gbogbo nọ́ńbà tí mo yí sínú ìwé, kò sí èyí tí mo fò. Lẹ́yìn náà mo dágbére fún Ọ̀gá, mo wá bá ẹ̀gbọ́n mi létí ọ̀sà.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà, ẹ lọ ṣe é. Iṣẹ́ dáadáa ni. Nọ́ńbà kan lójúmọ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dìde. Ẹ dìde lọ sẹ́yìn ẹni tó ń gbá a, kẹ́ ẹ wo ohun tó ń ṣe kẹ́ ẹ tó gba ohun tí ẹ̀rọ wí. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ni, ẹ bi í, kẹ́ ẹ sì gba ìdáhùn rẹ̀ bó ṣe wí i.

Alùfáà tó kọ́ mi ní kéwú sọ fún wa nígbà kékeré pé kì í ṣe dandan kí o kọ́kọ́ kí ènìyàn ní sàlámù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kí ọ, dandan ni kí o dáhùn. Ti Bàbá Láísì ṣì wà lọ́rùn mi. Ó wà láàyè, mo ti bèèrè. Ó ń gbin ẹ̀gẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀. Màmá mi mọ ọ̀rọ̀ náà, ó ní ojú àwo ni àwo fi ń gba ọbẹ̀, kí n yé fi ẹnu ẹlẹ́nu ránṣẹ́. Mo ti múra láti lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí mo bá ń bọ̀ láti Ìkòròdú, tí ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ bá dé ibi tí wọ́n ti ń yà sí Agbowa, ọwọ́ mi á ti wà lára irin àga iwájú mi láti dìde, awakọ̀ á sì ti kọjá kí n tó lanu.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí a dé ibẹ̀, mo ti sọ ọ́ jáde kí n tó mọ̀: "Wà àláékúmù sàlámù."

Obìnrin tó jókòó tì mí yíjú sí mi. Ó ní, "Ta ló kí yín?"

Mo ní bàbá kan ni.

Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó wo ojú fèrèsé. Oríta náà ti wà lẹ́yìn wa.